Ta Ló Ni Orúkọ The Platters?

Arábìnrin kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Texas kọ̀wé sí mi. Ó ní bàbá òun, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, fẹ́ràn àwọn akọrin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní The Platters ju olórin èyíkéyìí lọ, àti pé òun rí ìwé ìpolówó kan pé The Platters ń bọ̀ wá ṣeré ní ìlú àwọn. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí: "Ṣé àwọn tó kọ orin inú àwo bàbá mi náà ni? Bí kì í bá ṣe àwọn, ta ló fún wọn ní orúkọ yẹn? Ṣé kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún bàbá, àbí wọ́n fẹ́ fi jìbìtì gba owó mi ni?"

Arábìnrin mi, mo kí yín, mo sì kí bàbá. Kì í ṣe àwọn. Àwọn márùn-ún tí ohùn wọn wà nínú àwo bàbá ti kú tán: David Lynch ní 1981, Paul Robi ní 1989, Tony Williams ní 1992, Zola Taylor ní 2007, Herb Reed tó gbẹ̀yìn wọn ní 2012. Ṣùgbọ́n pé kì í ṣe àwọn kò túmọ̀ sí pé jìbìtì ni. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń bọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ náà lábẹ́ òfin, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má ní in. Inú ìwé kan tí àwọn akọrin yẹn tọwọ́ bọ̀ ní 1956 ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, lásìkò tí ayé ń yẹ wọ́n jù lọ. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìdí, torí ọ̀rọ̀ wọn máa ń dùn mí títí di òní.

Los Angeles ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 1953. Ìgbà yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú káàkiri ìlú ńláńlá Amẹ́ríkà máa ń kóra jọ sí igun òpópónà àti iwájú ilé-ẹ̀kọ́, ẹnì kan á lé orin, àwọn yòókù á máa gbè é, wọ́n á sì máa fi ẹnu ṣe iṣẹ́ tí ìlù àti fèrè ì bá ṣe, torí wọn kò ní owó ohun èlò. Orin yẹn ni doo-wop. Herb Reed, ọmọ Kansas City tó ní ohùn ìsàlẹ̀ tó rinlẹ̀, wà lára àwọn tó dá The Platters sílẹ̀, òun náà ló sì fún wọn ní orúkọ. Wọ́n ṣe àwo mélòó kan fún ilé-iṣẹ́ Federal. Àwọn àwo náà kò lọ jìnnà. Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró sí ni, ẹ̀yin àti bàbá kò bá má gbọ́ orúkọ wọn rí.

Buck Ram ló yí i padà. Òyìnbó ni, ọmọ Chicago, wọ́n bí i ní 1907. Ó ti ń to orin fún àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ bí a ṣe ń kọ orin, bí a ṣe ń tò ó, àti bí a ṣe ń tà á. Ó ń ṣe alámòójútó fún obìnrin olórin kan, Linda Hayes, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó sì ti mọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Tony Williams. Tony ni wọ́n fi síwájú. Ní 1954 Ram mú Zola Taylor wọ ẹgbẹ́, ọmọbìnrin kan láàárín ọkùnrin mẹ́rin, èyí tí kò wọ́pọ̀ rárá láàárín àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ẹ wo bí ó ṣe tò: Tony lé orin, David Lynch ní ohùn tẹ́nọ̀, Paul Robi ní ohùn àárín, Herb Reed ní básì, Zola sì wà lókè gbogbo wọn. Ọpọ́n náà kún.

Ọgbọ́n tí Ram lò láti mú wọn wọ ilé-iṣẹ́ ńlá, mo ṣì ń kan sáárá sí i. Ó tún ń ṣe alámòójútó fún ẹgbẹ́ mìíràn, The Penguins, tí orin wọn "Earth Angel" gba ìgboro kan ní ìparí 1954. Ilé-iṣẹ́ Mercury ń wá The Penguins lójú méjèèjì. Ram ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ The Penguins gbọ́dọ̀ gba The Platters mọ́ wọn. Mercury gbà, bí ìgbà tí èèyàn gba ẹ̀ẹ́nì lọ́wọ́ aláta. The Penguins kò tún rí irú orin bẹ́ẹ̀ ṣe mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀ẹ́nì yẹn ló wá di ọ̀kan lára àwọn tó mú owó wọlé jù lọ fún ilé-iṣẹ́ náà.

Orin tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Mercury ni "Only You", ní 1955. Ram ló kọ ọ́. Wọ́n ti ṣe é tẹ́lẹ̀ fún Federal, kò sì dáa, ni wọ́n bá tún un ṣe. Ẹ bá bàbá gbé àwo yẹn sí i, kí ẹ sì tẹ́tí sí bí Tony ṣe mú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni "only", ṣùgbọ́n ó já a sí méjì: ohùn rẹ̀ fò sókè, ó kọ́ díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, kí ó tó balẹ̀ sórí "you". Herb Reed sọ pé inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń fi orin náà dánra wò, ọkọ̀ ta gìrì, ohùn Tony bá ṣẹ́, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá ọkọ̀ ló ṣe é o, bóyá Tony ló mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é o, ìṣẹ́lẹ̀ ohùn yẹn ló sọ orin náà di tiwọn. Ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun kan, The Hilltoppers, sáré gbé tiwọn jáde. Nígbà náà, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ti òyìnbó á gba rédíò, ti ẹni tó ni orin á sì rá. Lọ́tẹ̀ yìí, ti The Platters ló ta yọ: wọ́n dé ipò 5 lórí àtẹ orin gbogbogbòò Amẹ́ríkà, ipò 1 sì ni wọ́n wà lórí àtẹ orin àwọn aláwọ̀ dúdú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú ọ̀run là. "The Great Pretender", tí Ram náà kọ, dé ipò 1 ní ìbẹ̀rẹ̀ 1956. "My Prayer" ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọdún kan náà, "Twilight Time" ní 1958, "Smoke Gets in Your Eyes" ní ìbẹ̀rẹ̀ 1959. Orin mẹ́rin ní ipò kìn-ín-ní láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa dúró níbí, torí àwọn kan máa ń bá mi jiyàn pé The Platters kì í ṣe doo-wop gidi: wọ́n ní orin wọn ti rọ̀ jù, dùùrù àti gòjé pọ̀ nínú rẹ̀, àti pé orin àtijọ́ ni wọ́n ń tún kọ. Òótọ́ ni pé "My Prayer" ti wà láti 1939, The Ink Spots ti kọ ọ́, "Smoke Gets in Your Eyes" sì ti wà láti 1933. Ṣùgbọ́n ẹ mú ohùn Tony kúrò lórí orin wọ̀nyẹn, kí ẹ fi etí sí ohun tó kù lábẹ́: Reed ní ìsàlẹ̀, Lynch àti Robi láàárín, Zola lókè, wọ́n ń mí pọ̀, wọ́n ń dákẹ́ pọ̀. Igun òpópónà ni wọ́n ti kọ́ ìyẹn. Aṣọ ló yí padà lára wọn, ìrìn wọn kò yí.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí 1956. Nínú ọdún tí "The Great Pretender" wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, tí wọ́n sì kọrin nínú fíìmù "Rock Around the Clock", Ram dá kọ́ńpánì kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Five Platters, Inc. Àwọn akọrin márààrún tọwọ́ bọ ìwé. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé wọ́n di òṣìṣẹ́ kọ́ńpánì yìí, àti pé gbogbo ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní sí orúkọ The Platters di ti kọ́ńpánì náà. Kọ́ńpánì fún wọn ní ìpín ìdókòwò ní pàṣípààrọ̀.

Ẹ rò ó wò. Lójú wọn, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti di olówó kọ́ńpánì, wọ́n ti di alájọni. Ṣùgbọ́n Ram ló ń darí kọ́ńpánì náà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá kúrò, ohùn rẹ̀ nìkan ló máa mú dání. Orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n á kù sẹ́yìn lọ́dọ̀ alámòójútó, ìyẹn lè fi í wọ ẹlòmíràn. N kò ní pe Ram ní olè níbí. Láìsí i, kò sí Mercury, kò sí "Only You", ó sì ṣeé ṣe kí Tony Williams má kúrò nídìí iṣẹ́ bíbá àwọn oníbàárà gbé ọkọ̀ sí àyè ìgbọ́kọ̀sí tó ń ṣe kí Ram tó rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé àdéhùn mọ ohun tí ó ń kọ, àwọn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ kò mọ̀ ọ́n. Kì í sì í ṣe àwọn nìkan. Ní 1958, George Treadwell tó ni orúkọ The Drifters lé gbogbo akọrin ẹgbẹ́ náà lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé orúkọ wọn wọ ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ The Five Crowns, níbi tí Ben E. King wà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà yẹn nìyẹn.

Ìjì kọ́kọ́ jà wọ́n láti ibòmíràn. Ní oṣù kẹjọ 1959, wọ́n wà ní Cincinnati. Ọlọ́pàá já wọ yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n mú àwọn ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́rin, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ òyìnbó. Wọ́n fi ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ kàn wọ́n. Zola kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ parí ní òpin ọdún náà, ilé-ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà 1959, pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú obìnrin òyìnbó ti tó ìdájọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò kan yọ àwo wọn kúrò. Ẹgbẹ́ tó ti ṣí ilẹ̀kùn ilé òyìnbó, tí ìyá àti ọmọ jọ ń gbọ́ nílé, di ohun tí àwọn kan kò fẹ́ dárúkọ mọ́. Wọ́n ṣì rí "Harbor Lights" gbé dé ipò 8 ní 1960, àmọ́ agbára ti ń lọ.

Nínú ọdún 1960 kan náà ni Tony Williams kúrò láti dá orin tirẹ̀ kọ. Ram mú Sonny Turner, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Cleveland, wá dípò rẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Mercury kọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní gbé orin The Platters jáde bí kò bá jẹ́ ohùn Tony ló ń lé e, wọ́n sì ń tú orin tí Tony ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ram gbé wọn lọ sí ilé-ẹjọ́, ó ní kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú àdéhùn pé Tony gbọ́dọ̀ lé orin. Lójú ilé-iṣẹ́ àwo, ohùn ni ẹgbẹ́. Lójú Ram, orúkọ ni ẹgbẹ́. Gbogbo ìjà tó wáyé lẹ́yìn náà fún ọdún 50, inú àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí ló ti jáde.

Zola lọ ní 1962. Robi náà lọ, wọ́n sì fi Nate Nelson, tó ti lé orin fún The Flamingos, dí àyè rẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ Musicor, pẹ̀lú Sonny Turner níwájú, wọ́n tún dìde díẹ̀: "I Love You 1000 Times" ní 1966, "With This Ring" ní 1967, tó dé ipò 14. Orin tó dáa ni "With This Ring", ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò sí The Platters lẹ́yìn Tony. Herb Reed nìkan ló kù nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, òun náà sì lọ ní 1969.

Nígbà yẹn ni ọjà dàrú. Tony ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ tó ń lo orúkọ Platters. Robi ní tirẹ̀. Zola ní tirẹ̀. Reed ní tirẹ̀. Sonny Turner náà kò gbẹ́yìn. Kọ́ńpánì Ram sì ń rán ẹgbẹ́ tirẹ̀ káàkiri, àwọn tí kò sí nínú àwo kankan tí ẹ̀yin mọ̀. Ní alẹ́ kan ṣoṣo, The Platters lè máa kọrin ní ìlú mẹ́ta.

Kọ́ńpánì gbé Robi lọ sí kóòtù. Ní 1974, ilé-ẹjọ́ kan ní California yẹ ìwé 1956 wò fínnífínní, ó sì sọ pé ìpín ìdókòwò tí wọ́n pín fún àwọn akọrin kò bá òfin mu, àti pé Five Platters, Inc. kàn jẹ́ bojúbojú tí Ram fi gba orúkọ náà mọ́wọ́. Ẹ ò bá rò pé ọ̀rọ̀ parí. Kò parí. Kọ́ńpánì ń bá ẹjọ́ lọ ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, Robi náà sì ń bá wọn ṣe é. Ìgbà tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fi máa fọwọ́ sí ìdájọ́ ìkẹyìn tó gbè é, 1990 ló ti di. Robi ti kú láti ọdún tó ṣáájú.

Ti Herb Reed tún yàtọ̀. Kọ́ńpánì pe òun náà lẹ́jọ́ ní Florida, ní 1984. Ní 1987 ó fara mọ́ ìlàjà: ó yọwọ́ nínú ìpín rẹ̀ àti nínú orúkọ The Platters, wọ́n sì gbà á láàyè kí ó máa jẹ́ "Herb Reed and the Original Platters". Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú ìwé ìlàjà yẹn. Ó ní bí ilé-ẹjọ́ kan bá dájọ́ lọ́jọ́ iwájú pé kọ́ńpánì kò ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ náà, ohun tí Reed yọ̀ǹda kò ní dí i lọ́wọ́ mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tọwọ́ bọ̀wé ní 1956 láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ti di àgbà tó ń fi gbólóhùn pa mọ́ sínú ìwé de ọjọ́ iwájú. Ọjọ́ iwájú sì dé. Ní 2011, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Nevada sọ pé ẹ̀tọ́ Reed sí orúkọ náà ju ti Five Platters lọ. Ó kú ní ọdún kejì, lẹ́ni ọdún 83. Ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ tún dé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2013. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ ní òótọ́ ni pé ó jọ pé ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Reed, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí kóòtù dá ẹlòmíràn dúró kí ẹjọ́ tó parí gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun á fara gbọgbẹ́ tí owó kò lè wò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà fi ń tọ́ka sí ìdájọ́ yẹn, kódà fún ọ̀rọ̀ tí kò kan orin, kí òfin tuntun kan tó yí ìlànà náà padà fún ọ̀rọ̀ orúkọ òwò ní 2020.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé n kò lè sọ fún yín láìrí ìwé ìpolówó yẹn pé ẹgbẹ́ èyí ni. Ṣùgbọ́n òfin ti ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀. Láti nǹkan bí 2005, ìpínlẹ̀ tó lé ní 30 ní Amẹ́ríkà ti ṣe òfin lórí ìpolówó orin. Jon Bauman, tó ti bá ẹgbẹ́ Sha Na Na kọrin, wà lára àwọn tó ṣe wàhálà lórí rẹ̀ jù lọ. Òfin náà ní ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹgbẹ́ àtijọ́ polówó ara rẹ̀ àfi bí ó kéré tán ẹnì kan nínú wọn bá wà lára àwọn tó kọ àwo náà, tí ó sì ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ, tàbí bí àwọn bá ni orúkọ náà tí wọ́n ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tàbí bí wọ́n bá kọ ọ́ gàdàgbà sí ìwé ìpolówó pé wọ́n ń fi eré náà bọlá fún àwọn àtijọ́ ni.

Nítorí náà, ẹ ka ìwé ìpolówó yín dáadáa, pàápàá àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Bí orúkọ Herb Reed bá wà níbẹ̀, tàbí tí wọ́n sọ pé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló rán wọn, ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún gan-an ni okùn náà ti so. Bí wọ́n bá sọ pé ìbọláfún ni, wọ́n ti sọ òtítọ́ fún yín, ẹ lè lọ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ "The Platters" lásán, tí fọ́tò 1956 wà lórí rẹ̀, tí kò sí orúkọ akọrin kankan, ẹ pe ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣeré náà, kí ẹ béèrè orúkọ àwọn tó ń bọ̀ àti ẹni tó fún wọn ní àṣẹ. Ẹ má tijú láti béèrè. Bí wọn kò bá rí ìdáhùn fún yín, ẹ fi owó yín sápò.

Ní tèmi, bí ìdáhùn bá dáa, ẹ mú bàbá lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ orin wọ̀nyí lónìí, ọ̀pọ̀ wọn mọ orin kọ, kì í sì í ṣe àwọn ló kọ ìwé 1956. Ẹ kàn sọ fún bàbá ṣáájú pé àwọn tí yóò rí kì í ṣe àwọn ti inú àwo, kí ó má lọ máa wá ojú Tony lórí ìtàgé.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn mìíràn, ẹ wá àwọn orin tí wọ́n ṣe ní Mercury láàárín 1955 sí 1960, kí ẹ sì rí i pé orúkọ Mercury wà lórí rẹ̀. Ìdí ni pé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀yìn náà tún àwọn orin kan náà kọ, wọ́n sì ń tà wọ́n lábẹ́ orúkọ kan náà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá. Ẹ fi "He's Mine" kún un, ti 1957, níbi tí Zola ti lé orin fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó fẹ́ràn The Platters kò gbọ́ ọ rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá ó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi.